“Ode” Tí Kò Lámì Ló Pa Tíṣà Adébímpé

Tíṣà Adébímpé kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ilé rẹ̀ ní Ìjẹmọ. Dókítà ní òtútù àyà ló pa á. Àwọn ará ilé ní òjò ni. Èmi ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, mo sì ti rí ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà: lẹ́tà mẹ́ta ni, o, d, àti e. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì ń tọrọ àforíjì ẹ̀rín ọ̀hún títí di òní.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni obìnrin náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ kí ó tó fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní Bíbélì kan, aago ògiri kan tí kò ṣiṣẹ́ rí, àti ọ̀rọ̀ ìdágbére kan tó gùn débi pé, ká ní aago náà ń ṣiṣẹ́ ni, à bá mọ iye wákàtí tó gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìntì lọ jókòó sí iwájú ilé wọn, wọ́n ń dá àwọn tó ń kọjá lẹ́jọ́. Tíṣà ò lè jókòó. Ó ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tí wọn ì bá mọ̀wé, kódà kó jẹ́ ewúrẹ́ ló ń kọ́ wọn. Ó tó gẹ́ẹ́. Mò ń lọ wá àwọn tó nílò tíṣà.”

Ẹ sáà mọ̀ pé kíláàsì àgbà ti wà káàkiri Abẹ́òkúta báyìí. Ní Ṣàpọ́n, ọgọ́rin àgbàlagbà á jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, tíṣà á na ọ̀pá sí pátákó, gbogbo wọn á sì pariwo “a, b, d!” Ẹni tó bá lè pariwo ti mọ̀wé nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè bá wọn rìn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, pé orí rẹ̀ ti le jù. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Tíṣà Adébímpé ń dúró sí. Bí wọ́n bá ṣe ń lé wọn jáde ló ń ṣà wọ́n, bí ẹni ń ṣa àgbàdo tó dà sílẹ̀. Mọ́kànlá ló rí ṣà. Ó kó wọn lọ sí sítọ́ọ̀ kan tó ṣófo ní Ìjẹmọ, tí ó jẹ́ ti Ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́ Àgbà, òrùlé rẹ̀ sì ń jò ní ojú mẹ́rin. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ óò bá wọn níbẹ̀.

Èmi ni mo ṣe ìkejìlá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó padà wálé, tèmi tìwé-ẹ̀rí mi. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ mi, Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀. Mo bọ́ síwájú ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, “Ẹ kú ọkọ tuntun, sà!” Ìyàwó Pásítọ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ìyá bàbá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Ìjẹmọ. Tíṣà ní kí n ka ojú ìwé kan. Mo kà á. Ó mi orí, ó ní, “Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àsíátù. Ohun kan náà ló ń ṣe yín.”

Adití ni Àsíátù.

Aláró ni, láti kékeré ni kò ti gbọ́ràn. Òun ló ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ẹnu ènìyàn ló máa ń wò láti mọ ohun tí a ń sọ, ó sì mọ̀ ọ́n wò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ síwájú dígí báyìí, kí ẹ sọ “ẹ̀kọ,” kí ẹ tún sọ “ẹ̀kọ́.” Ṣé ẹ rí i pé ẹnu yín ò yí padà rárá? Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé kó wá gba ẹ̀kọ́ ní Ìjẹmọ, abọ́ ló gbé wá. Abọ́ ńlá, pẹ̀lú ìdérí. Àwọn tó kù ti ń di ẹnu mú. Tíṣà gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó fi àmì sí wọn. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gbé e sí àárín: èyí ni a ń yà sára aṣọ. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gbé e sókè pátápátá: èyí ni ẹ wá gbà lọ́dọ̀ mi. Àsíátù wo ilẹ̀, ó wo abọ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni òfin kìíní kíláàsì ti wà: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Tíṣà ní, “Àmì yẹn ni etí Àsíátù. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti gé etí obìnrin yìí.” Èmi tí mo ní etí méjèèjì, lára ọwọ́ Àsíátù ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ṣéhù Aránṣọ. Ẹni àádọ́ta ọdún, bàbá ọmọ mẹ́sàn-án, ẹni tó lè wo yín lókèèrè kó sọ fún yín pé apá òsì yín gùn ju ọ̀tún lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan b àti d, ojú rẹ̀ á dà rú. Lẹ́tà á máa yí kiri mọ́ ọn lójú. Ọdún méjì ni wọ́n fi nà án ní ọ̀pá ọ̀rọ̀ ní Ṣàpọ́n pé ọ̀lẹ ni. Tíṣà fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ní kó rán lẹ́tà méjèèjì sára aṣọ. Ó ní, “Ẹ wò ó, Ṣéhù. B yọ ikùn síwájú bí aboyún. D yọ ìdí sẹ́yìn. Ikùn ni b, ìdí ni d.”

Ṣéhù wò ó títí. “Tíṣà, ṣé gbogbo ohun tí ìwé ń sọ nìyí? Ikùn àti ìdí? Mo níyàwó méjì, mo ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́!”

“Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Ṣéhù. Ọwọ́ yín ni ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ máa rán an.”

Ó rán an fún oṣù mẹ́ta. Kò ṣì í mọ́. Ẹ kíyè sí “ẹ” tó wà níbẹ̀ yẹn o. Gbogbo àwọn tí ìlú ń pè ní ohun tó wù wọ́n, “ẹ” ni Tíṣà ń pè wọ́n.

Ẹnì kẹta ni Ọlálẹ́yẹ. Ogun Bọ́mà ló ti bọ̀, irin kékeré kan sì wà nínú agbárí rẹ̀ tí àwọn dókítà ológun kò lè yọ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ó lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sí kíláàsì yẹn, Ọlálẹ́yẹ ò sì yéé bọ̀ mí lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ kíláàsì: “Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé?” Nígbà tó yá, mo kàn ń dáhùn pé, “Àná ni mo dé.” Tíṣà so ìwé pélébé kan mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì kọ́ ọ láti kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ kó tó lọ sílé. Bó bá jí, á ṣí i, á ka àná rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kò lè kọ́ nǹkan kan láéláé ló ń ka ìgbésí ayé ara rẹ̀ yìí!

Ọ̀dẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n. “Kíláàsì ọ̀dẹ̀.” Obìnrin kan wà tí kì í kọjá láìdúró lójú fèrèsé: “Ẹ kú ìkàwé o, ẹ̀yin ọ̀dẹ̀!” Ṣéhù ló máa ń dá a lóhùn: “A dúpẹ́ o! Àyè kan ṣì ṣófo, ẹ ò kúkú wọlé?” Ẹ̀rín lásán ni nígbà náà. Ta ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa bọ́ sórí ìwé ìjọba?

Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí ni Ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́ Àgbà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti bèèrè irú àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́, Tíṣà kọ ìlàjì ojú ìwé. Ó ní àgbàlagbà mọ́kànlá ni, pé kò sí èyí tí kò lè mọ̀wé nínú wọn, pé ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọ inú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni ó yàtọ̀. Ó tọrọ nǹkan mẹ́ta péré: kí wọ́n tún òrùlé ṣe, kí wọ́n fún wọn ní síléètì tó fẹ̀, kí wọ́n sì fún òun ní tíṣà kan tí òun á kọ́ ní iṣẹ́ yìí. “Torí pé,” ó ní, “mo ń dàgbà.”

Ọwọ́ akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Olújìmí ni fọ́ọ̀mù náà bọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá ọ́fíìsì. Ìlàjì ojú ìwé! Ààyè tó wà nínú ìwé ńlá kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Olújìmí rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó rántí ohun tí ìlú ń pè wọ́n, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Kilasi awon ode, Ijemo.” Kò fi àmì kan sórí rẹ̀. Kò fi àmì kan sísàlẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé láti ẹ̀ka tó ń mójú tó ọdẹ, tí ìwé ńlá náà ti kọjá lọ́wọ́ wọn. Èmi ni Tíṣà ní kí n kà á sókè. “Si awon ode Ijemo. A ti gba iwe yin. Ki olukuluku mu ibon re wa fun iforukosile. Ki e so iye eran ti e pa lodun yii. E ko gbodo tina bo igbo.”

Lẹ́yìn náà ni Ṣéhù ní, “Eku mẹ́ta ni tèmi, nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ká kọ ọ́?”

“Èmi pa díẹ̀ ní Bọ́mà,” ni Ọlálẹ́yẹ wí, “ṣùgbọ́n mi ò rántí iye.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àsíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí “ode” nínú lẹ́tà náà, ó gbé ọwọ́ sí àárín, ó gbé e sísàlẹ̀, ó wo ojú Tíṣà: èwo ni? Tíṣà náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a. “Wọn ò mọ̀ pé ẹ wà,” ó ní. “Ọdẹ ni wọ́n rò pé àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló máa wá kan òrùlé fún ọdẹ?”

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun gbọ̀nà ọ́fíìsì wọn ní Ṣàpọ́n. Bí Olújìmí ṣe rí i, ó dìde bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ṣé mo ti sọ pé Tíṣà ló kọ́ ọ níwèé ní kékeré?

“Olújìmí.”

“Mà!”

“Kí lo kọ síbí?”

“Ode ni, mà.”

“Ode wo?”

“Ode náà ni, mà.”

“Mo ní ode wo? Ṣé ọdẹ tó ń pa ẹran ni, àbí òde tí à ń jáde sí?”

Olújìmí wo àjà. Ó wò mí, bí ẹni pé kí n gba òun. Ó tún wo àjà. “Bí gbogbo ìlú ṣe ń pè wọ́n náà ni, mà. Ọ̀... ọ̀dẹ̀. Ẹ má bínú, mà. Ààyè ló kéré. Ọ̀rọ̀ yín gùn.”

Mo rò pé Tíṣà máa gbá a létí. Kò gbá a. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ni. “O bú wọn, o ò tún fi àmì sí èébú náà. Olújìmí! Obìnrin adití kan wà ní kíláàsì mi tí kò jẹ́ ṣe irú èyí. Bí o bá fẹ́ bú ènìyàn nínú ìwé ìjọba, ọmọ mi, bú u kó yé ẹni tó máa kà á.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Màá tún un ṣe.”

Ó tún un ṣe lóòótọ́. Ẹ jókòó dáadáa kí n tó sọ bó ṣe tún un ṣe. Ó rò pé bí òun bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn Tíṣà síbẹ̀, ọ̀gá òun á bèèrè ìdí tí òun fi kọ nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀. Ó fi gègé fa ìlà lé “awon” lórí, kó má baà dà bíi pé ènìyàn ni òun ń bú. Ohun tó kù ni “Kilasi ode, Ijemo.” Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Herbert, ọ̀gá ọ́fíìsì, ẹni tó máa ń fọ́nnu pé òun kì í ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Kíláàsì òde! Ṣé kíláàsì tí wọ́n ń ṣe ní òde nílò ilé ni? Ṣé ó nílò òrùlé? Ó kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé kí wọ́n gba sítọ́ọ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n kó àga tí ọ́fíìsì ò lò mọ́ sínú sítọ́ọ̀, wọ́n sì fi àgádágodo tuntun kọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Àga méjìlélógún wà nínú ilé, kò sẹ́ni tó jókòó lórí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá wà níta, kò sí àga tí wọ́n á jókòó lé. Ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín wọn. Ṣé ọgbọ́n ìṣèjọba tí wọ́n rán mi lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ nìyí?

Tíṣà kọ lẹ́tà mẹ́rin. Gbogbo wọn lámì dáadáa. Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà, pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú fáìlì. Ní báyìí ná, òjò oṣù Kẹsàn-án ti dé, ẹ̀yin náà sì mọ bí òjò Ìjẹmọ ṣe máa ń fi àpáta gba agbára. Mo ní kí a dá kíláàsì dúró. Ó ní, “Ṣé wọ́n á dá ìdánwò dúró?” Ìdánwò ìwé kíkà ti oṣù Kejìlá ló ní lọ́kàn, èyí tí ẹni tó bá yege máa gba ìwé-ẹ̀rí pé òun mọ̀wé. Mọ́kànlá ló fẹ́ fi orúkọ wọn ránṣẹ́.

Agboòrùn kan péré la ní. Ṣé ẹ mọ ẹni tí Tíṣà ń gbé e sí lórí? Kì í ṣe orí ara rẹ̀. Ọlálẹ́yẹ ni, kódà kì í ṣe Ọlálẹ́yẹ gan-an, ìwé tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Bí ìwé yẹn bá rin, gbogbo ọdún méjì tó ti kọ́ lọ pẹ̀lú omi nìyẹn. Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú.” Ó ní, “Kàwé rẹ. O ò tíì mọ ọkọ́ àti ọkọ̀.” Omi ń ṣàn sílẹ̀ láti orí gèlè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ṣì wá. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, a lọ kí i nílé. Ọjọ́ Ẹtì ló kú.

Ta ló wá síbi ìsìnkú láti ọ́fíìsì? Kò sẹ́nìkan. Rárá, ẹ dákun, mi ò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ránṣẹ́. Nínú ìwé ńlá wọn kan, òun ṣì ni ọ̀gá àwọn ọdẹ Ìjẹmọ, nítorí náà wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ pé kí wọ́n wá ṣe ẹ̀yẹ fún ẹgbẹ́ wọn tó lọ. Bí a ṣe ń gbé pósí jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin mẹ́ta dúró létí ọgbà pẹ̀lú ìbọn, aṣọ ọdẹ lọ́rùn wọn. Bàbá Ọládipọ̀, àgbà wọn, bọ́ fìlà.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ojú tì wá díẹ̀. Irú ọ̀gá ọdẹ báyìí wà ní Ìjẹmọ, àwa ò mọ̀ ọ́n!”

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” ni Ṣéhù dáhùn. “Ọ̀gá ni lóòótọ́.”

“Ẹran wo ló pa jù láyé rẹ̀?”

Ṣéhù ronú. “Àìmọ̀wé ni, Bàbá.”

“Hẹn-ẹn? N kò tíì bá ìyẹn pàdé nínú igbó rí.”

“Inú ilé ló ń gbé, Bàbá. Ó pọ̀ ní ọ́fíìsì.”

Wọ́n yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní èkínní, ìwé àdúrà já bọ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ní èkejì, Pásítọ̀ tẹ̀ lé ìwé àdúrà lọ sílẹ̀. Àsíátù nìkan ló dúró ṣinṣin, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá Ọládipọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú òun ti ń ṣú láti ọdún mẹ́ta, pé ẹran pàápàá, òórùn nìkan ni òun fi ń mọ̀ ọ́n báyìí, àti pé ó wu òun láti mọ orúkọ ara òun kọ kí ojú tó kú tán. Ṣé a lè gba ọdẹ kan? A gbà á. Ní báyìí, ọ́fíìsì ò parọ́ mọ́: ọdẹ kan wà ní kíláàsì wa. Àwọn ọdẹ tó ṣi ọ̀nà wá síbi òkú ṣe fún Tíṣà Adébímpé ju àwọn tó mọ ọ̀nà lọ.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo. Ọlálẹ́yẹ wò yíká. “Tíṣà dà?”

A sọ fún un. Ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún bèèrè. A tún sọ fún un, ó tún sunkún. Ṣéhù ní, “Mi ò lè ṣe èyí mọ́. Ọlálẹ́yẹ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.” Ọlálẹ́yẹ mú gègé. Ó kọ ọ́ kánkán láìfi àmì sí i: “Tisa ku.” Àsíátù tẹjú mọ́ ọn. Ó mọ òfin. Ó na ìka sí i, ó gbé ọwọ́ sókè pátápátá, ó gbé e sísàlẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ni, kú tàbí kù? Kò sẹ́ni tó lè gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì tí ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, ẹ bá wa dá obìnrin yìí lóhùn.

Bí a ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì. Tíṣà Adébímpé ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbangba lórí àpòòwé. Wọ́n ní inú àwọn dùn láti fi tó o létí pé, níwọ̀n ìgbà tó ti kú, kíláàsì rẹ̀ parí ní òpin oṣù yìí, wọn ò sì ní gba orúkọ kankan fún ìdánwò láti Ìjẹmọ. Kó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan láti fi hàn pé ó ti gbọ́, kó sì dá a padà láàárín ọjọ́ méje. Mo ti bi wọ́n nínú ọkàn mi: bí ó bá pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ ńkọ́, ṣé wọ́n á bu owó ìtanràn lé e?

Ó tó. Mo ti ń ṣàwàdà láti òwúrọ̀, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Akọ̀wé Olújìmí, ṣé lóòótọ́ ni ìwọ tó kọ́ a-b-d lẹ́sẹ̀ obìnrin yìí fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dí ẹnu ènìyàn mọ́kànlá? Ọ̀gbẹ́ni Herbert, nígbà tí ẹ gba ilé lọ́wọ́ wọn, ṣé ẹ tilẹ̀ rìn dé Ìjẹmọ, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti Ṣàpọ́n, kí ẹ fojú rí àwọn tí ẹ ń lé síta? Lẹ́tà mẹ́rin tí òkú kọ sí yín nígbà tó wà láàyè, ta ló kà wọ́n? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọ́fíìsì ni. Ọ́fíìsì kì í di gègé mú, ènìyàn ló ń dì í mú.

Ohun tí a ń bèèrè kò le. Kí ẹ fa “ode” yẹn rẹ́ nínú ìwé ńlá, kí ẹ kọ ohun tí Tíṣà kọ síbẹ̀, gbogbo ìlàjì ojú ìwé náà, kódà bí ẹ bá ní láti lẹ ìwé mọ́ ìwé. Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kí ẹ fún wa ní tíṣà, kí ẹ sì gba orúkọ Àsíátù, Ṣéhù, Ọlálẹ́yẹ àti àwọn mẹ́jọ yòókù fún ìdánwò oṣù Kejìlá. Kí ẹni tó kọ èébú náà àti ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wá síwájú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ lójú wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa mẹ́tàlá máa wà ní ìloro ọ́fíìsì yín ní Ṣàpọ́n. Ibẹ̀ la ó ti máa ṣe kíláàsì, sókè ketekete, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, títí ẹ ó fi ṣí sítọ́ọ̀ Ìjẹmọ. Ẹ má wulẹ̀ kọ lẹ́tà kankan sí wa. Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ mú wá.